Bí aṣòfin ṣe ń ka àbádòfin kó tó dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀

Aṣòfin kan dìde nílé ìgbìmọ̀. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yin àbádòfin tó wà níwájú wọn, ó ní aráàlú á dúpẹ́, ó ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó jókòó lápá kejì nawọ́ sókè, ó ní: "Abala wo lẹ ti rí ohun tí ẹ ń sọ yẹn?" Ilé dákẹ́. Ẹni wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, títí abẹnugan fi pe ẹlòmíràn.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn o. Ọ̀pọ̀ ló ka ìwé náà látòkè délẹ̀, kò kàn yé wọn ni. Mo mọ̀, torí mo ti ṣe olùrànlọ́wọ́ aṣòfin rí, èmi náà sì ti kà á tán lóru, kí n tó wá rí i láàárọ̀ pé mi ò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ̀gá mi. Àbádòfin tó ń tún òfin mìíràn ṣe dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń gba fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: à ń gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni", à ń gbọ́ "rárá", à ń gbọ́ "ẹ fi méjì kún un", a ò sì gbọ́ ohun tí ẹni tó wà ní òdìkejì ń sọ. Òdìkejì yẹn ni òfin tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé méjèèjì síwájú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì ka nǹkan kan.

Aṣòfin àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni mo kọ èyí fún. Aráàlú tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣojú òun mọ ohun tó ń dìbò lé lórí náà lè lò ó: àyẹ̀wò tó wà ní ìparí àwọn ìgbésẹ̀ ni kó mú lọ bá a.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ẹ̀dà àbádòfin fúnra rẹ̀, èyí tó jáde kẹ́yìn, tí nọ́ńbà àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ránṣẹ́ sórí fóònù.
- Òfin tí àbádòfin náà fẹ́ tún ṣe, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó ti bá a tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ má tíì jókòó. Ẹ lọ wá a ná.
- Ìwé àlàyé tó tẹ̀ lé e, ìṣirò owó, àti àbọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó bí wọ́n bá ti gbé e dé iwájú wọn.
- Bébà funfun, bírò dúdú kan, bírò pupa kan. Ẹ tẹ àbádòfin náà sórí bébà. Ojú fóònù kéré jù fún iṣẹ́ yìí.
- Ẹni méjì tí ẹ lè pè: ọ̀kan tó mọ òfin, ọ̀kan tí òfin náà máa já lé lórí.
- Àkókò. Àbádòfin olójú ìwé 40 máa gba odidi ìrọ̀lẹ́ kan àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ní òun kà á tán láàárín wákàtí kan, àkọlé ló kà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé ẹ̀dà tí wọ́n máa jíròrò ló wà lọ́wọ́ yín?

Ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú ti ọ̀gá mi. Ó dìde, ó ta ko abala 9 tagbáratagbára. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó sì ti yọ abala 9 kúrò láti ọjọ́ méjì. Ẹ̀dà tí mo kó fún un ti di ti àná. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ka àbádòfin nígbà àkọ́kọ́ títí dé kíkà kẹta, ó lè pààrọ̀ ara lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà mìíràn, orí tábìlì gan-an ló ti ń pààrọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà ń ṣe òfin owó orí, ẹ̀dà tí wọ́n pín fáwọn sẹ́nétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ojú ìwé, wọ́n sì ti fi ọwọ́ kọ àtúnṣe sí etí àwọn ojú ìwé kan. Sẹ́nétọ̀ Jon Tester gbé ọ̀kan sókè síwájú kámẹ́rà pé kí aráyé wá bá òun kà á. Nǹkan bí aago méjì òru ni wọ́n dìbò: 51 sí 49. Nínú òfin tó jáde kẹ́yìn oṣù náà, wọ́n gbàgbé láti kọ ọdún 15 síbi tó yẹ kó wà, ìyẹn iye ọdún tí ilé ìtajà máa fi yọ owó tó fi tún inú ilé rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú èrè tó ń san owó orí lé lórí, ọdún náà wá bọ́ sí 39. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n tó rí i tún ṣe.

*Àyẹ̀wò:* Láàárọ̀ ọjọ́ ìjíròrò, ẹ pe ọ́fíìsì akọ̀wé ilé. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lórí tábìlì, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti iye abala tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá bá tiyín mu, ẹ gba tuntun.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ojú ìwé kìíní ni wọ́n máa ń kó ọ̀rọ̀ dídùn sí. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka abala tó sọ ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti èyí tó sọ òfin tó máa kú. Lẹ́yìn náà, ẹ ka abala ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ wá lọ sí àwọn àfikún tó wà lẹ́yìn pátápátá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kó iye owó, orúkọ àti tábìlì sí, ibẹ̀ náà sì ni ojú ti máa ń rẹ èèyàn dé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ka àárín.

Abala ìtumọ̀ yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ká ní ó sọ pé "oníṣòwò" túmọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ta ohunkóhun gbowó. Ọmọ ilé ìwé tó ta ìwé àtijọ́ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ti di oníṣòwò nìyẹn, owó ìtanràn tó wà ní abala 22 sì ti kàn án, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ka abala 22 nìkan á rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń bá wí. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi so ìtumọ̀ náà. "Túmọ̀ sí" ti ilẹ̀kùn: ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. "Títí kan" ṣí i sílẹ̀, ilé ẹjọ́ lè ti ohun mìíràn wọlé lọ́la.

Ibi tí èèyàn ti sábà máa ń ṣìnà: ìwé àlàyé. Ó rọrùn láti kà, wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ojú ìwé méjì péré sì ni. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kí àbádòfin náà di òfin ló kọ ọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àlàyé tó ń tẹ̀ lé àbádòfin ìjọba máa ń sọ ọ́ pàtó pé ilé aṣòfin kò fọwọ́ sí òun. Ẹ kà á kẹ́yìn, kí ẹ fi yẹ ara yín wò, ẹ má fi rọ́pò kíkà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa ìwé dé. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, láìwo ibì kan: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kàn, òfin tó pa, iye tó wà nínú àfikún. Bí ẹ bá ta kókó síbì kan, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ òfin àtijọ́ àti tuntun pọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá máa fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo èyí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi ṣàlàyé. Ká ní òfin tó wà nílẹ̀, ní abala 14, ẹsẹ 2, sọ pé:

"Ìgbìmọ̀ yóò dá ẹni tó bá kọ̀wé ẹ̀sùn lóhùn láàárín ọjọ́ 30, yóò sì sọ ìdí ìpinnu rẹ̀."

Àbádòfin tí wọ́n gbé wá, ní abala tirẹ̀ kẹfà, sọ pé:

"Ní abala 14, ẹsẹ 2: (a) fi 'lè' rọ́pò 'yóò' níbi tó ti kọ́kọ́ hàn, (b) yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn 'lóhùn' kúrò."

Ìwé àlàyé ní: "Abala 6 ṣe àtúnṣe kékeré kí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ lè túbọ̀ yá."

Ẹ mú bírò dúdú, ẹ da òfin àtijọ́ kọ. Ẹ mú bírò pupa, ẹ fa igi lórí ohun tó lọ, ẹ kọ ohun tó wọlé sókè rẹ̀. Ẹ wá da ohun tó kù kọ sórí bébà mìíràn láìní àmì kankan:

"Ìgbìmọ̀ lè dá ẹni tó bá kọ̀wé ẹ̀sùn lóhùn."

Ọjọ́ 30 ti lọ. Ìdí ti lọ. Èsì fúnra rẹ̀ ti di ojú rere: wọ́n lè fún yín, wọ́n lè má fún yín. Iṣẹ́ á sì yá lóòótọ́, torí iṣẹ́ téèyàn ò ní ṣe ló ń yá jù. Kò sí ẹni tó lè rí èyí nínú ìlà kan ṣoṣo tó wà nínú àbádòfin náà, bó ti wù kó kà á tó. Orí bébà kejì nìkan ló ti ń hàn.

Bí ẹ ti ń ṣe é, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa yí àmì ká níbikíbi tí wọ́n bá ti jáde. "Yóò" àti "gbọ́dọ̀" ń pàṣẹ; "lè" ń fàyè gbà. "Àti" ń béèrè kí ohun méjèèjì pé. "Tàbí" ń gba ọ̀kan. "Àyàfi" sábà máa ń gbé gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù nínú wọn ni "láìka ohun tó wà nínú òfin mìíràn sí": gbólóhùn yẹn lè pa òfin mẹ́wàá láìdárúkọ ọ̀kan. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ pé òfin wo ló ní lọ́kàn. Bí kò bá lè dárúkọ wọn, ìdáhùn nìyẹn.

Àmì kọ́mà pàápàá ń gbówó. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òfin kan to àwọn iṣẹ́ tí wọn kì í san owó àfikún wákàtí fún. Ìparí ìlà náà sọ̀rọ̀ nípa dídi ẹrù fún fífi ránṣẹ́ tàbí pípín in káàkiri, kọ́mà kan ò sì sí láàárín méjèèjì. Ṣé pípín ẹrù jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ ni, àbí dídi ẹrù nìkan ni òfin ń sọ? Àwọn awakọ̀ tó ń pín wàrà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ wàrà tó gbà wọ́n síṣẹ́ gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Aṣòfin ló dìbò sí ìlà yẹn.

Ẹyọ gbólóhùn kan náà tó. Òfin ìlera tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2010 ju 900 ojú ìwé lọ. Níbì kan nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ìrànwọ́ owó orí wà fún ẹni tó ra ètò adójútòfò ìlera ní ọjà irú ètò bẹ́ẹ̀ "tí Ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀". Ó ju 30 ìpínlẹ̀ lọ tí kò dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ń bá wọn ṣe é. Ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ní gba ìrànwọ́ náà ni? Ìbéèrè yẹn ò rí ìdáhùn títí oṣù Kẹfà ọdún 2015, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a, 6 sí 3, pé wọ́n máa gbà á. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òfin náà ni ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn, tó kan mílíọ̀nù èèyàn, tó yanjú, nígbà tó jẹ́ pé bírò pupa lè ti yọ ọ́ jáde lálẹ́ ọjọ́ kan.

Kọ̀ǹpútà lè bá yín fi òfin méjì wé ara wọn, ẹ lò ó. Àmọ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín da abala mẹ́ta tó le jù kọ. Ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú ti fò.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé bébà àtijọ́ àti bébà tuntun fún ẹni tí kò rí àbádòfin náà rí, akọ̀wé tàbí awakọ̀, ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó sọ ohun tó yàtọ̀. Bí ohun tó sọ bá bá ohun tí ẹ fẹ́ sọ nílé ìgbìmọ̀ mu, ẹ ti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá agbára tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn

Àbádòfin lè kúrú nítorí pé ohun tó ṣe pàtàkì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ máa rí gbólóhùn bíi "gẹ́gẹ́ bí mínísítà bá ti là á kalẹ̀" tàbí "ní iye tí àwọn aláṣẹ bá fọwọ́ sí". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yin ń dìbò lónìí lórí òfin tí ẹlòmíràn á kọ lọ́la. Kò burú nígbà gbogbo. Aṣòfin ò lè jókòó ka iye ìnṣì tí páìpù gbọ́dọ̀ fẹ̀. Èyí tó burú ni kí agbára náà tóbi ju ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e sílẹ̀.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo wọn, ẹ kà wọ́n, kí ẹ wá bi ara yín ní ìwọ̀nyí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìlànà náà máa padà wá síwájú ilé kó tó di ṣíṣe? Ṣé ó lè dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun sílẹ̀, tàbí kó fi èèyàn sẹ́wọ̀n? Ṣé ó lópin? Ṣé ó lè yí òfin tí ilé fúnra rẹ̀ ṣe padà? Irú agbára tó wà nínú ìbéèrè ìkẹyìn yìí làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ Ọba Henry Kẹjọ pè, nítorí òfin ọdún 1539 tó sọ ìkéde ọba di ohun tó lágbára bí òfin ilé aṣòfin. Ọba ti kú, abala náà ò kú. Ó ṣì ń yọjú nínú àbádòfin òde òní.

*Àyẹ̀wò:* Iye tí ẹ kà ni kí ẹ kọ sí òkè ojú ìwé kìíní, pẹ̀lú bírò pupa. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹni tí ẹ ò fẹ́ràn rárá ló di mínísítà. Bí ẹ̀rù bá bà yín, àtúnṣe kan wà láti kọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Owó

Ta ni yóò san án, ẹ̀ẹ̀kan ni àbí lọ́dọọdún, níbo ló ti máa wá? Bí ìwé àlàyé bá ní òfin náà kò ní ná ìjọba lówó, ẹ wò ó bóyá ó ti gbé ẹrù náà lé ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé tàbí aráàlú lórí. Owó tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ṣì ń jáde nínú àpò ẹnì kan. Amẹ́ríkà ní ọ́fíìsì tó ń ṣírò èyí fún àwọn aṣòfin, láti ọdún 1974 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́wàá níwájú ló sì sábà ń wò. Níbi tí irú rẹ̀ ò bá sí, ẹ fi lẹ́tà béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó gbé àbádòfin náà wá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi òfin náà wọ èèyàn lọ́rùn

Ẹ mú èèyàn mẹ́ta lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni olóòótọ́ tó fẹ́ pa òfin mọ́: kí ló máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí kò ṣe tẹ́lẹ̀? Fọ́ọ̀mù wo ló máa kọ, ọ́fíìsì wo ló máa lọ, èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Èkejì ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó ń wá ihò: níbo ló máa gbà kọjá? Bí òfin bá bẹ̀rẹ̀ lórí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50, ẹ retí ilé iṣẹ́ púpọ̀ tó ní 49. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí kò lágbára, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí kò sì jẹ̀bi: ọ̀nà wo ni àbádòfin náà fi sílẹ̀ fún un láti sọ tẹnu rẹ̀? Mo máa ń rí àbádòfin tó ní abala ìjìyà mẹ́jọ, tí kò ní ẹyọ kan lórí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá èèyàn gidi. Ẹ pe òṣìṣẹ́ kékeré tí wọ́n máa gbé òfin náà fún láti ṣe, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ wà níbi tó wà. Òun ló mọ̀ pé kò sí èèyàn, kò sí ọkọ̀, kò sí ìwé tí wọ́n á kọ orúkọ sí. Ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn jù ni: "Bí èyí bá di òfin lọ́la, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?" Ẹni tó bá dákẹ́ ti dá yín lóhùn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni ká máa gbọ́ tàwọn tó wá sí ọ́fíìsì wa nìkan. Ẹni tí òfin máa ṣe lóore ní owó ọkọ̀, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Ẹni tó máa pa lára lè má tíì gbọ́ pé ohun kan ń bọ̀. Ìpàdé ìtagbangba fún gbígbọ́ ọ̀rọ̀ aráàlú dára, àmọ́ ẹni tó wà níbi iṣẹ́ lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ò lè wá síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè dárúkọ ẹnì kan tí àbádòfin náà máa ṣe lóore àti ẹnì kan tó máa pa lára, ẹ sì ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọ̀kan nínú méjì kò tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ìbéèrè àti àtúnṣe ṣáájú ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ aṣòfin máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ná, wọ́n á wá fi abala há a láàárín bí ata tí wọ́n gbàgbé. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ ìbéèrè márùn-ún, kí ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà abala. Dípò "Ṣé èyí kò ní ni aráàlú lára?" ẹ kọ: "Abala 6 yọ ọjọ́ 30 kúrò. Ọjọ́ mélòó lẹ fi rọ́pò rẹ̀?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ á gba ìwàásù bọ̀. Èkejì á gba nọ́ńbà bọ̀, tàbí kí ilé gbọ́ pé kò sí nọ́ńbà.

Ibi tí ẹ ò bá fara mọ́, ẹ kọ àtúnṣe yín ní ọ̀rọ̀ tó lè wọnú ìwé gan-an: "Yọ abala 6(a) kúrò." Ẹ fún akọ̀wé ilé kí àkókò tó kọjá. Ariwo láìsí àtúnṣe lórí ìwé kì í yí òfin padà, ó kàn ń wọ ìròyìn alẹ́ ni.

Bí ìbò yín bá máa dá wà, ẹ̀rí yín gbọ́dọ̀ wà lórí bébà ṣáájú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, nígbà tí Amẹ́ríkà ń fi ìkánjú ṣe òfin ìgbógunti ìpániláyà tí wọ́n ń pè ní PATRIOT Act, sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo ló dìbò lòdì sí i, 98 sí 1. Russ Feingold ni. Kí wọ́n tó dé ibi ìbò yẹn, ó ti gbé àtúnṣe pàtó kalẹ̀ sí àwọn abala tí kò fẹ́. Wọ́n dá àwọn àtúnṣe náà nù, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kà wọ́n lónìí mọ ohun tó ń sọ.

Bí ẹ ò bá sì tíì kà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. "Mi ò tíì ka ẹ̀dà yìí tán, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún un síwájú" sàn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìyìn lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí wọn ò bá fún yín láyè

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gba àbádòfin ìnáwó olójú ìwé 5,593 lọ́sàn-án, wọ́n sì dìbò lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Kò sí ẹ̀dá alààyè tó lè ka ìyẹn. Ilé aṣojú-ṣòfin wọn ní ìlànà pé kí àbádòfin pé wákàtí 72 lọ́wọ́ ọmọ ilé kó tó di ìbò, àmọ́ ilé fúnra rẹ̀ lè pa ìlànà náà tì. Ní California, àwọn olùdìbò kọ irú wákàtí 72 bẹ́ẹ̀ sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ lọ́dún 2016, ó sì le díẹ̀ láti fò. Bí ilé yín ò bá ní irú rẹ̀, ẹ gbé e wá, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí iná ń jó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí iná ń jó, ẹ pín ìwé náà. Aṣòfin mẹ́wàá tó fọkàn tán ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú apá kan. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ inú ìgbésẹ̀ 3 àti 4 ṣáájú ohun mìíràn, kí ẹ sì ka abala ìbẹ̀rẹ̀ òfin, ìtumọ̀ àti ìjìyà. Ó kéré tán, ẹ mọ ibi tí eyín rẹ̀ wà.

Lóòótọ́, kò sí aṣòfin tó lè jẹ́ ọ̀gá nínú gbogbo nǹkan, gbígba ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa nǹkan náà kò sì lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ojú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ tó ní "ẹ fọkàn balẹ̀, ó dáa" tí kò sì lè dárúkọ abala kan, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ tẹ̀ lé e dé ibi ìbuwọ́lù

Lẹ́yìn ìbò, gbogbo èèyàn á lọ sílé. Ẹ má tíì lọ.

Òfin ìdínkù gbèsè tí Amẹ́ríkà parí ní oṣù Kejì ọdún 2006 ní ìlà kan lórí iye oṣù tí ìjọba máa fi san owó ìyálò irinṣẹ́ ìlera kan fún àwọn àgbàlagbà. Ilé aṣòfin àgbà dìbò sí oṣù 13. Akọ̀wé kan ṣi nọ́ńbà náà kọ, ó di 36 nínú ẹ̀dà tó lọ sí ilé kejì, ilé kejì sì dìbò sí ohun tí wọ́n rí. Kó tó dé iwájú ààrẹ, wọ́n ti dá a padà sí 13, ààrẹ sì buwọ́ lù ú. Ilé méjì dìbò sí nọ́ńbà méjì, nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là ló sì wà láàárín wọn. Wọ́n pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ò fagi lé òfin náà.

Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà tó ń lọ fún ìbuwọ́lù lọ́wọ́ akọ̀wé ilé, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ dìbò lé lórí. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wé nọ́ńbà: ọjọ́, oṣù, owó, ọdún ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà, "yóò" àti "lè". Kí ẹnì kan máa kà á sókè láti inú ọ̀kan, kí ẹnì kejì máa fi ìka tọ èkejì. Òfin tó ní ogójì abala kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.